Alágẹmọ Ayaba Ẹkúulé

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fi àga sílẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ẹni tí oorun bá ń kùn tètè máa lọ sílé rẹ̀, nítorí pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ọ̀sán ti dá, oko kò ṣe é lọ mọ́, ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí ọdẹ la ẹnu. Èmi ni Ọdẹ́bọ̀dé, ọmọ Abọ́ṣẹ̀dé, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tí ó lé àwọn ará Òkè-Ìsàn kúrò lóko wọn. Èmi ni mo wọ ihò òòrẹ̀ tí mo sì jáde láìní ẹ̀gún kan lára. Bí ẹtu àti èsúró bá jọ kọjá lórí àpáta, n ó sọ fún yín èyí tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó le jù lọ tí mo ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ìbọn, ẹran tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ni mo ṣe é fún, n kò sì pa á. Alágẹmọ ni. Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, mo rí yín, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa nísinsìnyí. Bí ó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó wá ibi tí ẹ ó fi gèlè nu ojú.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Ògúnlànà, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Ọdẹ ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó mi. Nígbà tí iṣu tuntun ń jáde ni ó lé àgbọ̀nrín kan wọ Igbó Ṣíjìí, tí kò sì padà wálé. A wá a títí, a kò rí egungun, a kò rí ìbọn. Ìyá wa kò sunkún. Ó kàn ń bu oúnjẹ Ògúnlànà sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, á fi àwo bò ó, bí ilẹ̀ bá mọ́ á dà á fún adìẹ. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọdẹ kan láti Ìdí-Àràbà wá sọ fún wa pé òun rí i láàyè ní ìlú kan láàrin igbó náà, Ẹkúulé ni wọ́n ń pè é, àwọn iwin ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú nítorí pé ó kọjá lára ayaba wọn kò sì kí i. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i: ẹni tí ó ń tọ ẹran lẹ́sẹ̀, ṣé ó lè máa kí ènìyàn? Bí ó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ẹran ti lọ. Ṣùgbọ́n iwin kì í ṣe ọdẹ, wọn kò mọ ìyẹn. Ìyá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wò mí, ó ní, “Ọdẹ́bọ̀dé, àwọn adìẹ ti yó jù nílé yìí. Lọ bá mi mú ọmọ mi wá.”

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn. Ohun tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn kò kàn yín, bí ọdẹ bá sì ro ti ìṣẹ́ tí ó ro ti ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa ní ẹnubodè Ẹkúulé. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ga tó ọ̀pẹ kékeré, ojú rẹ̀ tẹ́jú bí ọpọ́n. Imú wà níbẹ̀, ojú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò sí. Mo kí i. Ó wò mí, ó dìde, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Inú bí mi. N kò tíì bínú tán tí mo fi rí ẹnu rẹ̀ ní ìpàkọ́, tí eyín funfun kún inú rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni ìpàkọ́ náà wí. “Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ìbọn wọ ìlú wa àfi ẹni tí ó bá já àlọ́ mi.”

“Pa á.”

“Ohun kan wà lára rẹ. Bí o bá fi han àlejò, á bínú. Bí o bá fi han ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ara rẹ̀ á balẹ̀. Kí ni?”

“Ìbọn mi ni.”

“Wọn kò bí ìbọn mọ́ ọ. Mo ní lára rẹ.”

“Ó dára. Eyín mi ni.”

“Àlejò wo ni ó ń bínú sí ẹ̀rín?”

“Ẹ̀yin ará ibí lè bínú sí ohunkóhun,” ni mo dáhùn, nítorí pé sùúrù mi ti ń tán. Ó rẹ́rìn-ín títí ìpàkọ́ rẹ̀ fi ń mì. Ó gba ìbọn mi, ó fi í kọ́ èèkàn, ó ní bí mo bá ń padà bọ̀ tí mo sì ti mọ ìdáhùn, kí n wá gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ìlú lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìdáhùn, ẹ pa á mọ́ra. Ẹni tí ó bá pariwo rẹ̀ ni yóò ra ẹmu fún gbogbo wa.

Kíkí ni òfin Ẹkúulé. Iwin ni wọ́n lóòótọ́, òmíràn ní pátákò ewúrẹ́, òmíràn ní apá tí ó gùn dé ilẹ̀ tí ó fi ń wọ́ erùpẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti yẹ́ ènìyàn sí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kí mi ẹ kú àárẹ̀, wọ́n kí mi ẹ kú eruku, wọ́n kí mi ẹ kú àìgbé-ìbọn-lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá ń jẹun, wọn a kí i. Bí ó bá sín, wọn a kí i títí yóò fi gbàgbé pé òun sín. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo dáhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, n kò sì tíì dé ìdajì ìlú.

Ní oríta ọjà ni mo ti rí àbúrò mi. Wọ́n gbé e ka orí àga gíga kan. Gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ní láti dúró kí i, òun náà sì ní láti dá gbogbo wọn lóhùn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọmọlúàbí nìyẹn. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín.

“Ògúnlànà!” ni mo pè.

“Hẹ̀n-ẹn, a dúpẹ́ o,” ni ó wí, kò sì gbé ojú sókè.

“Èmi ni. Ọdẹ́bọ̀dé ni. Ìyá ní kí n wá mú ọ.”

“A dúpẹ́, ara le.”

Ó ń dá mi lóhùn bí ó ti ń dá àwọn iwin lóhùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n tí ó gbọgbẹ́, ẹ̀rù kò bà mí. Lọ́jọ́ náà ó bà mí. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá tilẹ̀ mú un délé, ohùn lásán ni n ó mú délé.

Mo lọ sí ààfin. Ayaba Ewégbèmí ni orúkọ ayaba wọn, àgbàlagbà obìnrin tí awọ ara rẹ̀ dà bí èèpo igi, irun orí rẹ̀ sì jẹ́ ewé, ewé gidi tí ó hù láti inú awọ orí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ àti ọjọ́ orí ti mú un. Ewé náà ń gbẹ, ó ń já bọ́ sórí èjìká rẹ̀, ibì kan tilẹ̀ ti pá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo kí i títí ó fi ní ó tó, mo wá bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò mi.

“Ọdẹ ni ọ́?” ni ó bi mí.

“Ọdẹ ni mí, Kábíyèsí.”

“O mọ ẹranko?”

“Kò sí èyí tí n kò mọ̀.” Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Ibẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ ara mi so okùn mọ́ ara mi lọ́rùn.

Ó ní, “Mo ní alágẹmọ kan. Ìyá mi ni ó fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kú lọ. Láti ìgbà èwe mi, orí mi yìí ni ó ń gbé, láàrin ewé mi, ibẹ̀ ni ó ń sùn, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣọdẹ. Nísinsìnyí orí mi kò bò ó mọ́. Mo kọ́ ilé fún un, ilé tí ọba méjì kò ní irú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ̀ ọ́, kò jẹ, kò mu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mú kí ilé náà bá a lára mu. Bí ó bá jẹun, mú àbúrò rẹ kí o máa lọ. Bí ó bá kú, a ó gbé àga kejì sí oríta.”

Wọ́n mú mi lọ sí ilé alágẹmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí wọ́n bá kọ́ irú rẹ̀ fún èmi, n kò ní lọ sóko mọ́. Idẹ ni ògiri rẹ̀, wọ́n dán an títí ó fi ń fi ojú hàn. Wọ́n ta àrán pupa, àrán búlúù àti ti òféèfèé sí ara rẹ̀, kí alágẹmọ lè rí àwọ̀ tí yóò máa gbé wọ̀. Ọ̀pá fàdákà ni wọ́n fún un láti dúró lé. Omi wà nínú abọ́ jíjìn. Wọ́n din tata, wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún un nínú àwo. Èrò sì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìta. “Ẹ kú ìṣílé o! Ẹ kú ilé tuntun! Ilé á tura o!” Bí ẹni kan bá kí i tán, yóò gbé e sí ọwọ́, yóò fi ìka pa á lórí, yóò gbé e fún ẹni tí ó kàn. Ẹni tí ó ń darí wọn ni Gbólóhùn, Olórí Akíni ìlú náà, iwin kúkúrú kan tí agogo so mọ́ inú ọ̀fun rẹ̀, tí ó ń dún bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

Mo wo alágẹmọ náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀pá ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Gbogbo ibi tí ó bá yí ojú sí lára idẹ náà, alágẹmọ dúdú mìíràn ni ó ń rí tí ó ń wò ó bí ọ̀tá.

Èmi náà wá ṣe ohun tí gbogbo ọdẹ yóò ṣe. Mo ní ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, oríkì ni a fi ń tù ú nínú. Mo lé àwọn èrò sẹ́yìn díẹ̀, mo tún ọ̀fun ṣe, mo sì sun ìjálá fún un, ìjálá tí mo fi ń mú àwọn baba yín sunkún:

“Alágẹmọ, arìn-jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń dùn,
Olójú méjì tí ń rin ọ̀nà méjì,
Ẹni tí kò rán aṣọ, tí kò ya aṣọ,
Tí aṣọ kò sì tán lọ́rùn rẹ̀ rí…”

N kò tíì dé ibi tí ó dùn. Alágẹmọ la ẹnu gbàgà, ó fẹ́ atẹ́gùn síìì, ó dúdú kọjá bí ó ti dúdú tẹ́lẹ̀, ó sì já bọ́ láti orí ọ̀pá, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

“Ẹ kú àdánù o!” ni Gbólóhùn kígbe, agogo ń dún lọ́fun rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti di mí lápá mú. Ayaba kúnlẹ̀, ó gbé ẹran náà lé ọwọ́, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó ṣì ń mí.” Ó wá kọjú sí mi. “Ọdẹ, o ní o mọ ẹranko.”

“Bí a ṣe ń pa wọ́n ni mo mọ̀, Kábíyèsí,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ ronú bí wọ́n ṣe ń yè.”

Mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé náà. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; mo pa ojú dé, kí n lè rí ohun tí mo ti rí rí. Ọdún kan wà tí mo so pẹpẹ sórí igi ìyeyè kan létí odò, tí mo ń ṣọ́ ẹtu. Alágẹmọ kan ń gbé ẹ̀ka tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gun ibẹ̀, ó dúdú, ó fi ewé bo ara. N kò bìkítà fún un, ẹtu ni mo ń wá. N kò kí i, n kò fọwọ́ kàn án, ìdí mi ni mo kọ sí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi di àwọ̀ ewé padà, tí ó ń fi ahọ́n gba eṣinṣin lẹ́bàá etí mi. Odò wà nísàlẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ lọ mu ún rí. Ìrì orí ewé ni ó ń lá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á jáde sí oòrùn. Bí oòrùn bá mú, á wọ abẹ́ ewé. Kò sì jẹ ohun tí kò mira rí. Mo dìde, mo gbọn ìdí mi nù, mo ní kí wọ́n fún mi ní àdá.

Mo tú ògiri idẹ. Àwọn iwin ń kí mi ẹ kú iṣẹ́, wọ́n sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Mo la ọparun, mo fi hun ògiri mìíràn tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, mo kọ ojú ilé náà sí ìlà-oòrùn kí oòrùn àárọ̀ lè wọlé, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kejì kí ìbòòji lè wà. Mo wú igi ewúro kan tòun ti gbòǹgbò, mo gbìn ín sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e sáàrin ilé, mo fa ìtàkùn yí i ká kí ẹsẹ̀ ẹran náà lè rí ohun dì mú. Mo da tata dídín fún ara mi. Kò burú, ata rẹ̀ ló pọ̀. Mo wá gé màrìwò, mo ta á sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ibi tí a bá ta màrìwò sí, kì í ṣe ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń wọ̀.

“Láti òní lọ,” ni mo wí, “kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí i mọ́.”

“Kí a má kí i?” ni Gbólóhùn wí. “Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun? Ṣé kí ó rò pé a kò fẹ́ ẹ ni?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ̀rù ń bà á.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń kí i!”

“Gbólóhùn, ohun ńlá tí ó bá yọ sókè orí ẹran kékeré nínú igbó, tí ó na ọwọ́ sí i, kí ni ó máa ń jẹ́?”

“Àṣá,” ni ó wí.

“Gbogbo ìlú yín ni ó ti di àṣá lójú rẹ̀.”

Ayaba wá sọ̀rọ̀. “Èmi ńkọ́? Orí mi ni ó gbé dàgbà.”

“Ẹ̀yin náà, Kábíyèsí. Ẹ jókòó síbí bí ẹ bá fẹ́, kí ó mọ̀ pé ẹ wà ní tòsí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ẹ̀yìn sí i.”

Gbogbo ààfin mí kanlẹ̀. Ní Ẹkúulé, kí a kẹ̀yìn sí ènìyàn burú ju kí a bú u lọ. Ayaba wò mí títí ewé kan fi já bọ́ lórí rẹ̀. Mo rò pé àga oríta ni ó kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a fi agbára mú ni í le koko, ó sì ti rí i pé agbára ìfẹ́ òun ti le koko jù. Ó yí àpótí rẹ̀ padà, ó jókòó, ó sì kẹ̀yìn sí ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó ki ọwọ̀ bọ omi, n ó wọ́n ọn sórí ewé ewúro, n ó tú tata ààyè sílẹ̀, n ó jáde, n ó wá jókòó ti ayaba, kí àwa méjèèjì jọ máa wo ògiri. Ẹ̀yin ènìyàn, ó sú mi. Ṣíṣọ́ ẹfọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìṣòro. Gbólóhùn ni kò lè fara dà á. Ní ọ̀sán kan tí mo lọ mú tata nínú koríko, ó gbé màrìwò sókè, ó yọ orí wọlé, kí ó kàn sọ pé ẹ kú ọ̀sán ní ṣókí. Nígbà tí mo dé, alágẹmọ ti tún dúdú, ó ti ń fi ojú wá ibi tí yóò sá sí. N kò bá Gbólóhùn jiyàn. Mo gbé e lé èjìká bí àgbò, mo ru ú jáde, agogo ọ̀fun rẹ̀ ń ró wọngan-wọngan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yọ kùmọ̀ sí mi. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ ti kọjá lẹ́bàá etí mi kí ayaba tó sọ̀rọ̀, kò sì yí orí padà.

“Ẹ fi ọdẹ sílẹ̀. Ẹ gbé Gbólóhùn lọ sí oríta, kí ó gba ipò àbúrò ọdẹ lórí àga títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.”

Bí àbúrò mi ṣe rí ìsinmi ọ̀sán kan nìyẹn. Wọ́n ní láti ìgbà náà, Gbólóhùn máa ń ronú kí ó tó kí ènìyàn.

Ní àárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú, mo ti wọ́n omi tán, a ti jókòó. Mo ní idẹ pẹlẹbẹ kan tí mo yọ lára ògiri àtijọ́, kò tóbi ju ewé kókò kékeré lọ. Mo máa ń fi pamọ́ sínú aṣọ, kí n lè máa fi yọ́ ẹ̀yìn wò. Mo yọ́ ọ wò. Alágẹmọ wà lórí ewúro, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ èyí tí ó jẹ́ òun mọ́ nínú ewé. Ó na ọrùn, ó lá ẹ̀kán omi kan. Ó tún lá òmíràn.

“Ọdẹ,” ni ayaba wí jẹ́jẹ́, “ìmí rẹ ti yí padà. Ṣé ó ti kú ni?”

“Ẹ gba idẹ yìí, Kábíyèsí. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ má yí orí.”

Ó gbé e sókè. Tata kan fò lé ìtàkùn. Alágẹmọ yí ojú kan sí i, ó yí èkejì sí i, ahọ́n jáde, tata kò sí mọ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá yí ojú kan sí ibi tí a wà, ó wo ẹ̀yìn orí ayaba, ibi tí ó ti ń sùn láti kékeré, ó sì fi ojú náà síbẹ̀, kò sá lọ, kò dúdú. Omi ń dà lójú ayaba láìmira.

“Kò bínú sí mi?” ni ó bi mí.

“Kò bínú sí yín rárá.”

Ó ní kí n lọ mú àbúrò mi. Ó ní kò sí ẹni tí yóò kí wa bí a bá ti ń lọ. Ìyẹn ni ẹ̀bùn tí ó tóbi jù lọ tí ayaba Ẹkúulé lè fún ènìyàn. Mo di Ògúnlànà lọ́wọ́ mú kúrò lórí àga, a gba àárín ìlú kọjá. Àwọn iwin jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tọmọdé tàgbà, onípátákò àti alápá gígùn, gbogbo wọn sì kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rí èjìká Gbólóhùn tí ó ń gbọ̀n. Nígbà tí a dé ẹnubodè, oníbodè kọ ìpàkọ́ rẹ̀ sí mi.

“Ẹ̀yìn ni,” ni mo wí, kí ó tó la ẹnu.

“Láti ìgbà tí o ti dé ni mo ti ń fi hàn ọ́,” ni ó dáhùn, ó sì fún mi ní ìbọn mi.

Ẹ má tíì dìde. Nígbà tí a dé ilé, ẹ̀yin yìí náà ni ẹ tú jáde. “Ògúnlànà, ẹ kú ewu! Ẹ kú àjàbọ́! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́!” Ẹ gbá a mọ́ra, ẹ fọwọ́ kàn án lójú, ẹ gbé e láti ọwọ́ kan dé òmíràn. N kò bá yín jà, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú rẹ̀. “A dúpẹ́,” ni ó ń wí, “a dúpẹ́, ara le,” títí ohùn rẹ̀ fi há. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó wọ yàrá, ó lọ dúró sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri, kò jẹ, kò mu. Ní ọjọ́ kejì ẹ tún wá, ẹ pọ̀ ju ti àná lọ.

Mo mú àdá, mo lọ gé màrìwò, mo sì ta á sí ẹnu ọ̀nà àbúrò mi.

“Ọdẹ́bọ̀dé, ṣé òrìṣà ni o gbé sínú yàrá ni?” Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́. Èyí tí ẹ fi tẹ̀ lé e, n kò ní tún un sọ níwájú àwọn ọmọdé. Àwọn kan ní mo fẹ́ fi àbúrò mi ṣoògùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń da gbogbo yín padà. Ìyá wa ni ó kẹ́yìn.

“Èmi ńkọ́?” ni ó wí. “Inú mi ni ó ti jáde.”

“Ẹ̀yin náà, Ìyá. Ẹ jókòó síbí kí ó máa gbọ́ ìró yín. Ṣùgbọ́n ẹ kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.”

Ó wò mí bí ayaba ti wò mí. Ó lọ gbé àpótí rẹ̀ wá, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó sì ń bó ẹ̀gúsí. Bí ó bá ti gbé oúnjẹ sábẹ́ màrìwò, á padà síbẹ̀, á máa bó o. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni adìẹ fi jẹ oúnjẹ náà. Ní àárọ̀ kan ó ṣí àwo, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wo àwọn adìẹ tí wọ́n ti tò dúró, ó lọ fọ àwo.

Kò pẹ́ sí i, oòrùn àárọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, màrìwò mì. Ògúnlànà yọ jáde, ó jókòó sínú oòrùn, lẹ́yìn ìyá wa. Èmi wà lábẹ́ igi, mo ń fi epo pa ìbọn, mo sì tẹjú mọ́ ìbọn náà. Ẹ̀gúsí ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ nínú igbá.

“Ìyá,” ni ó wí.

“Hẹ̀n.”

“Ṣé ẹ kì í kí ènìyàn nílé yìí mọ́ ni?”

Ọwọ́ ìyá wa dúró lórí ẹ̀gúsí. Kò yí orí. Ó ní, “Ẹni tí ó bá kéré ni ó ń kọ́kọ́ kíni.”

Ni Ògúnlànà bá dìde, ó rìn yípo wá síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí èèpo ẹ̀gúsí. “Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi,” ni ó wí, ohùn ara rẹ̀ gan-an ni.

Ó wà lẹ́yìn ilé báyìí, ó ń ṣe okùn ẹ̀bìtì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ dìde jẹ́jẹ́, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá kọjá lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kí yín.